Ìtọ́jú Bátìrì Alùpùpù Tí A Gbé Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ìtàn ìlú. Ọ̀rọ̀ bátìrì alùpùpù ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún irú àpéjọ yìí, kí olúwarẹ̀ fi sùúrù gbọ́ wa dé òpin, nítorí bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Gbogbo wa ni a mọ bí ilẹ̀ wa ti rí. Mówè àti Ìbàfò wà ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, Ifọ̀ sì wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń gbé ẹ̀bá títì. Ẹni tí ó bá yà ní Mówè tí ó kọjú sí ìhà Ọ̀fàdà, tàbí tí ó wọ àwọn abúlé tí ó yí Ifọ̀ ká, yóò rí ọ̀nà púpọ̀ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò lè gbà bí òjò bá ti rọ̀. Alùpùpù ni ó ń gbé ẹ̀gẹ́ àti ìrẹsì jáde láti oko. Òun ni ó ń gbé olùkọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́. Òun náà ni ó sì ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Alùpùpù tí ó bá kọ̀ láti sítáàtì ní irú òru bẹ́ẹ̀ lè sọ ayọ̀ di ẹkún. Lóòótọ́, a lè fi ẹsẹ̀ ta kíìkì èyí tí ó bá ní kíìkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní in. Bí bátìrì bá sì ti di òkú, kò sí ìdánilójú pé fèrè yóò dún, tàbí pé iná ẹ̀yìn yóò tàn kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí wa.

Àwọn ìgbà kan wà tí alùpùpù kì í jáde. Àwọn ọmọ wa kan tí ń bẹ ní òkè òkun ra tiwọn sílẹ̀ nílé, wọn kì í sì í gùn ún bí kò ṣe nígbà Iléyá tàbí Kérésìmesì. Àwọn mìíràn a gbé e kalẹ̀ nígbà tí ẹrẹ̀ bá bo ọ̀nà, tàbí nígbà tí àìsàn bá dá ẹni tí ó ni ín dúró. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí àrùn kòrónà, alùpùpù tí ń fi ojoojúmọ́ ṣiṣẹ́ di ohun tí a gbé ti ògiri fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní ìlú òyìnbó pẹ̀lú mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ni ó ń ti alùpùpù mọ́lé ní ìgbà òtútù, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé bátìrì tí kò ṣiṣẹ́ ń sinmi. Rárá o. Bátìrì tí a pa tì kò sinmi. Ebi ni ó ń pa á. Èyí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a sì wo bí ó ti rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Gaston Planté ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní ọdún 1859. Nínú èyí tí ó jẹ́ fólítì 12, yàrá kéékèèké 6 ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú iná tí ó lé díẹ̀ ní fólítì 2 wá. Awo òjé ni a tò sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, a sì rì wọ́n sínú ásíìdì tí a lú mọ́ omi. Nígbà tí bátìrì bá ń mú iná jáde, òjé àti ásíìdì a para pọ̀, ohun funfun kan a sì bo ojú àwọn awo náà. Bí a bá tètè dá iná padà, ohun funfun náà a yọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, a le gbagidi bí ẹrẹ̀ tí ó gbẹ sára ìkòkò, iná kò sì ní rí ibi wọlé mọ́. Ikú tí ń pa bátìrì tí a gbé kalẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé iná a máa jò kúrò nínú bátìrì bí a kò tilẹ̀ so wáyà kankan mọ́ ọn. Ooru ni ó sì ń mú kí ó yára: bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 10 lé sí i, ìjò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí bátìrì ilẹ̀ wa fi nílò àbójútó ju ti ìlú òyìnbó lọ. Ní tọ̀hún, òtútù kì í jẹ́ kí iná tètè jò, ṣùgbọ́n ewu mìíràn wà. Bátìrì tí iná ti tán nínú rẹ̀, omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kù níbẹ̀; omi náà lè dì, kí ó sì la ara bátìrì. Èyí tí ó kún kò ní dì nínú òtútù ìlú London. Nílé o, lẹ́yìn odi o, bátìrì tí ó kún ni ó ń yè.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ìlànà wọ̀nyí lò.

Èkíní, bí alùpùpù kò bá ní jáde fún ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí a tú bátìrì kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ olè àti aago ojú alùpùpù a máa jẹ iná díẹ̀díẹ̀ bí a tilẹ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́. Wáyà tí ó wà ní orí tí ó ní àmì àyọkúrò ni kí a kọ́kọ́ tú, kí irin má baà ṣáná. Nígbà tí a bá ń dá a padà, ti àmì àròpọ̀ ni kí ó ṣíwájú. Kí a gbé bátìrì sí ibi tí ó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Àwọn kan ní ilẹ̀ símẹ́ńtì ń fa iná rẹ̀. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ fún bátìrì òde òní tí ara rẹ̀ jẹ́ ike.

Èkejì, kí a kún un kí a tó gbé e pamọ́, kí a sì wọ̀n ọ́n. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ríwáyà fi ń wọn iná kò wọ́n lọ títí. Lẹ́yìn tí bátìrì bá ti wà fún wákàtí díẹ̀ láìṣiṣẹ́, èyí tí ó kún yóò fi nǹkan bí fólítì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ hàn. Bí ó bá fi 12.4 hàn, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó kù, 12.2 jẹ́ ìdajì. Bí kò bá sì tó 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ẹ̀kẹta, kí a máa bọ́ ọ lóṣooṣù. Bí ó bá ti wálẹ̀ dé 12.4, kí a gbé e lọ sí ìdí chájà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni kí iná máa wọ̀ ọ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ tó: bí a bá kọ 5Ah sára rẹ̀, ìdajì ámpíà kan ni kí a fún un, fún wákàtí bí 10. Iná tí a fi ń chájì bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù yóò sè é jinná ni. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, kí a dá a dúró. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá tàbí tan àtùpà nítòsí, nítorí afẹ́fẹ́ tí ń jáde láti inú rẹ̀ lè gbiná. Kí a tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ìdúró jẹ́ ẹ̀tàn lásán; iná tí ó fi sítáàtì lè pọ̀ ju èyí tí ó rí gbà padà lọ. Ó sàn kí a gùn ún fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀. Níbi tí iná ìjọba kò bá ti dúró, páńẹ́lì oòrùn kékeré tí ó ní ẹ̀rọ ìdíwọ̀n-iná yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi, kí omi máa wà láàárín ìlà méjèèjì tí ó wà lára rẹ̀. Omi bátìrì tí a ti sè, tí a sì gba oje ooru rẹ̀, nìkan ni kí a bù sí i. Kì í ṣe omi kànga tàbí omi inú ọ̀rá, kì í sì í ṣe ásíìdì. Èyí tí a dì pa kò yẹ ní ṣíṣí rárá. Bí ásíìdì bá ta sí ènìyàn lójú, kí a fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́, kí a sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀karùn-ún ni ó wúwo jù. Bátìrì tí ó kú kì í ṣe pàǹtí lásán, nítorí òjé inú rẹ̀ jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. A máa ba ọpọlọ jẹ́, a sì máa dá ìdàgbàsókè wọn dúró. Ní Thiaroye-sur-Mer, ní Dakar, orílẹ̀-èdè Senegal, ọmọdé 18 ni ó kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tú bátìrì tí wọ́n sì ń jọ òjé láti inú iyanrìn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa mọ́. Ní Ògìjó, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, níbi tí a ti ń yọ́ òjé bátìrì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn ní ọdún 2025 pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò. Gbogbo bátìrì tí a fi àìtọ́jú pa ṣáájú àkókò rẹ̀, a ti fi kún ẹrù òjé tí a óò yọ́ ní ibì kan, lójú ọmọ ẹnìkan. Kí a má ṣe da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, kí a má ṣe fọ́ ọ ní àgbàlá, kí a má sì ṣe tà á fún ẹni tí yóò fọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé. Kí a dá a padà fún ẹni tí ń ta tuntun, ní odidi.

Ní ìkẹyìn, a dábàá ohun méjì fún ẹgbẹ́ wa. Kí ẹgbẹ́ ra chájà kékeré kan àti ẹ̀rọ ìwọn iná kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wà lọ́wọ́ ríwáyà tí a fọkàn tán. Kí a sì ya ibì kan sọ́tọ̀ tí a ó ti máa kó òkú bátìrì jọ lábẹ́ òrùlé. Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, bí ẹ bá fi alùpùpù ránṣẹ́ sílé, ẹ fi chájà rẹ̀ tì í, kí ẹ sì dárúkọ ẹnì kan pàtó tí yóò máa tọ́jú bátìrì náà, nítorí iṣẹ́ tí a fi fún gbogbo ilé, kò sí ẹni tí ń ṣe é. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìlú wa yóò máa gòkè sí i.