Ta Ló Bá Wa Tẹ Ìlú Dó?



Ní 1910 ni Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tó rí àwọn ère orí tó wà ní Igbó Olókun níbẹ̀, kò gbà pé àwọn baba wa lè ṣe irú rẹ̀. Ó ní àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló mú ọnà yẹn wá, pé àṣẹ́kù Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn tí òkun gbé mì, ni òun rí. Títí dòní ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí.

Wọ́n sọ irú rẹ̀ sí àwọn ẹlòmíì náà. Ní ìwọ̀-oòrùn òkun Mẹditaréníà, kí Róòmù tó jẹ gàba níbẹ̀, èrò àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà kan ni pé ará Fòníṣíà tó tẹ ìlú Carthage dó àti Gíríìkì tó tẹ ìlú Massalia dó ló kọ́ àwọn onílẹ̀ ní ìlú títẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn wá gbẹ́lẹ̀ ní Veii àti Tarquinia, ní Ítálì. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ti ń kóra jọ sórí òkè ibẹ̀ kí Gíríìkì tó fìdí kalẹ̀ sí erékùṣù Ischia ní nǹkan bí 770 ṣáájú ìbí Jésù. Àlejò gbé ọjà wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bá onílé nílé.

Ní Mali, Lárúbáwá oníṣòwò ni wọ́n fi ìyìn ìlú títẹ̀ fún. Susan àti Roderick McIntosh walẹ̀ ní Jenne-Jeno níbẹ̀ ní 1977, wọ́n sì rí i pé àwọn èèyàn ti ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n ń lo irin, láti bíi 250 ṣáájú ìbí Jésù. Ó lé ní 800 ọdún lẹ́yìn náà kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí àwọn oníṣòwò náà gbé wá tó bẹ̀rẹ̀ ní Mẹ́kà.

Igbó Olókun tí Frobenius dé ńkọ́? Bíi 100 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, ọmọ Yorùbá, gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ dígí náà. Ohun tí wọ́n pò pọ̀ ṣe é yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá àti ti Yúróòpù. Ifẹ̀ ló ṣe é.

Nínú Kwara wa níbí, ère òkúta tó lé ní 800 wà ní Ẹ̀sìẹ́, níbi tí ilé musíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti ṣí ní 1945. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ fúnra wọn ní àwọn bá ère náà níbẹ̀ ni. Ta ló gbẹ́ wọn? Níbo nilé àwọn tó gbẹ́ wọn? Inú ahoro nìkan la ti lè wá ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ahoro wa ló ń ká mi lára jù. Oko tí igi oṣè dá dúró sí, tí àpáàdì àti ìdàrọ́ kún ilẹ̀ rẹ̀, èèyàn gbé ibẹ̀ rí. Katakata ń tú u. Wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ dí yàrà odi àtijọ́ láti fi kọ́lé. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá hú ìkòkò lóko, ẹ má tíì gbé e. Ẹ ránṣẹ́ sí musíọ̀mù Ẹ̀sìẹ́ kí wọ́n wá wò ó níbi tó wà. Èédú tó sùn tì í nínú ilẹ̀ la fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí a bá ti gbé ìkòkò kúrò, a kò ní mọ èédú tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́.