Ìrìn-Àjò Afẹ́ Wa Àkọ́kọ́: Bí A Ó Ṣe Múra Rẹ̀ Sílẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Akaka Rẹ́mọ)

  

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ẹ yan àwa márùn-ún pé kí a lọ wádìí bí ẹgbẹ́ yìí ṣe lè jùmọ̀ rin ìrìn-àjò afẹ́ kan, kí a lọ wo òkè, omi àti ìgbẹ́ ní apá ibi tí oòrùn ti ń yọ sí wa. A ti lọ, a ti bọ̀, ohun tí a rí nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó dìde tí ó sọ pé òun fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pọ̀ ní Ìkọ́gòsì, ṣùgbọ́n òun kò fi ojú òun rí i rí. Ó ní orúnkún òun ṣì ń gbé òun, kí a má dúró di ìgbà tí yóò kọ̀. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìdí tí a fi dákẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà bá púpọ̀ nínú wa mu. A ti fi owó ẹgbẹ́ kọ́lé, a ti fi rán ọmọ ní ilé ìwé, a ti fi ra oko obì àti ti kókó. Ṣùgbọ́n bí a bá jùmọ̀ wọ mọ́tò, ìsìnkú ni, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ìpàdé ọdọọdún.

Àwọn kan takò wá, a kò sì bínú sí wọn. Wọ́n ní afẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti ọdún 1935 tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde ní Nàìjíríà, ìfowópamọ́ àti owó yíyá ni wọ́n mọ̀ mọ́ wa. Òótọ́ ni. Nítorí náà ni a ṣe fi òfin kìn-ín-ní lélẹ̀: kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ ti inú owó yíyá jáde fún ìrìn-àjò yìí. Ẹni tí yóò lọ ni yóò dá owó rẹ̀, ẹni tí kò lọ kò ní san nǹkan kan.

*Mọ́tò wo ni a ó wọ̀?*

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ìlú òyìnbó sọ fún wa nípa ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí inú rẹ̀. Ní Bírítéènì àti ní Amẹ́ríkà, ìdílé kan lè wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ òkè: ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, omi wà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n a dúró sí ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n a sùn.

Ó wù wá, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀nà tiwa mu. A kò ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀ káàkiri, kò sì bójú mu kí a pa àgbàlagbà sùn sínú mọ́tò ní ẹ̀bá ìgbẹ́. Bákan náà, ẹni tí ó bá ti fèrèsé mọ́tò, tí ó sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ kí atẹ́gùn tútù lè fẹ́ sí i, lè sùn kí ó má jí mọ́, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì lè pa ènìyàn láìrùn. Ohun tí a ó mú lára àṣà wọn ni pé kí a gbé ìdáná wa lọ́wọ́, kí a má máa kánjú, kí a sì dúró níbi tí ó bá wù wá.

Bọ́ọ̀sì elérò 18 ni a fẹ́ háyà. Ẹni 13 ni yóò wọ̀ ọ́ pẹ̀lú awakọ̀ méjì. Àyè tí ó bá ṣẹ́ kù, ẹrù ni yóò gbà á.

*Ohun tí ojú wa ti rí rí*

A kò ní fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa pamọ́, nítorí òun ni ó mú kí ìwádìí wa gùn. Ẹ rántí òde kan tí a lọ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. A háyà bọ́ọ̀sì, a san gbogbo owó rẹ̀ kí a tó gbéra. Ní àṣálẹ́ táyà kan bẹ́. Nígbà tí a yọ èyí tí ó wà ní ìpamọ́, òun náà kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Awakọ̀ ní òun ń lọ wá fọ́gánáísà, ilẹ̀ mọ́ kí a tó tún rí i. Àwa 17 ni a wà ní ẹ̀bá igbó, òkùnkùn ṣú, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá wa kan sì wà nínú àpò tí a fi ránṣẹ́ ṣáájú. Ọlọ́run yọ wá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti búra pé àwọn kò ní bá ẹgbẹ́ rìn mọ́.

A kò dá ẹ̀bi náà fún onímọ́tò nìkan. Àwa ni a kò wo táyà. Àwa ni a san owó tán. Àgbà tí ó bá jìn sí kòtò, ó yẹ kí ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nítorí náà, ohun tí a ó ṣe nìyí.

Ìkíní, a ó wo mọ́tò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mẹ́káníìkì tiwa yóò sì bá wa lọ. A ó wo bíréèkì, iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, wáípà, bẹ́líìtì ìjókòó àti omi ẹ́ńjìnnì. Lára táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àwọn lẹ́tà DOT. Bí ó bá jẹ́ 2322, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ó bá ti lé ní ọdún 4, kódà bí ó bá ń dán, a kò ní gbà á. Táyà ìpamọ́ náà yóò fara kan ilẹ̀ lójú wa.

Ìkejì, ìdajì owó ni a ó san kí a tó lọ. Ìdajì yòókù di ìgbà tí a bá padà sí Akaka.

Ìkẹta, awakọ̀ méjì ni yóò wà, kò sì sí ẹni tí yóò wakọ̀ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi. Olórí awakọ̀ yóò mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò fẹ́ kí bọ́ọ̀sì kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan lórí ọ̀nà márosẹ̀. Àwa ará Rẹ́mọ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà, ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀: 122. Ọ̀fẹ́ ni.

*Ọ̀nà tí a ó gbà*

A ti yan ọjọ́ mẹ́rin, láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, kí onímàle má pàdánù Jímọ̀, kí onígbàgbọ́ má pàdánù ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni a fẹ́. Òjò yóò ti dáwọ́ dúró, àpáta kò ní máa yọ̀, síbẹ̀ omi ṣì máa ń pọ̀ ní ojú ìṣàn. Bí a bá dúró di oṣù Kìíní, ọyẹ́ lè bo ojú òkè, a ó sì lọ jìnnà láìrí nǹkan.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: a ó gbéra ní aago 6 òwúrọ̀. A ó gba Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já láti orí òkè. Ìpele méje ni ó ní. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ sọ pé Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí i. Ìpele ìsàlẹ̀ kò le, gbogbo wa lè dé ibẹ̀, kí ìkùukùu omi náà fẹ́ sí wa lára. Láti ibẹ̀ sókè, àwọn ọ̀dọ́ tí ó wọ bàtà tí kì í yọ̀ nìkan ni yóò lọ, wọn yóò sì lọ pẹ̀lú afinimọ̀nà. Kí oòrùn tó wọ̀, a gbọ́dọ̀ ti gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláayè dé Ìkọ́gòsì. Ọ̀nà náà kọ́rọ, òkè ní ọ̀tún, òkè ní òsì. Ẹ sọ fún awakọ̀ kí ó rọra, kí ẹ sì wo ìta dáadáa, nítorí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ apá kan nínú ohun tí a bá wá.

Ọjọ́ kejì: a ó sinmi ní Ìkọ́gòsì. Omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀, omi tútù náà ń sun nítòsí rẹ̀, wọ́n sì ń pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kan sínú èyí tí ó gbóná, kí ó fi ìkejì sínú èyí tí ó tutù. Ibẹ̀ ni a ó mú ìyá wa olùkọ́ lọ kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbé e lè lọ wo omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, tí kò jìnnà sí ibẹ̀.

Ọjọ́ kẹta: a ó kọjá ní Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ ni a ń gùn dé ìlú àtijọ́ tí ó wà lókè, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ní 1923 ni àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè náà, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé àtijọ́ sì wà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá lè gùn ún kò pàdánù: láti ìsàlẹ̀, àpáta náà yí ìlú ká bí ògiri. Àkúrẹ́ ni a ó sùn.

Ọjọ́ kẹrin: Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù, ilé.

Ẹ kíyè sí i pé a kò fi kìlómítà ka ọ̀nà yìí, wákàtí ni a fi kà á. Kòtò àti ibi àyẹ̀wò ọlọ́pàá kò sí nínú àwòrán ilẹ̀. Wákàtí tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín, ẹ fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kún un.

*Ọ̀rọ̀ ààbò*

A kò ní tan ara wa. Àwọn ajínigbé ti ṣọṣẹ́ ní Èkìtì àti Oǹdó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, mọ́tò wa kò ní rìn lẹ́yìn aago 5 ìrọ̀lẹ́, ohun yòówù kí ó ṣẹlẹ̀. Bí a bá pẹ́, ìlú tí a bá wà ni a ó sùn. A ó pe àwọn ènìyàn wa tí ó ń gbé ní Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Oǹdó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan kí a tó gbéra. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára, a ó yí padà sílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe ìyẹn ní ojo. Akọ̀wé wa ní ilé yóò ní orúkọ gbogbo wa, nọ́ńbà mọ́tò àti ibi tí a ó sùn.

*Owó àti ẹrù*

A ó kọ iye mọ́tò, epo, ibùsùn, owó ìwọlé àti oúnjẹ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. A ó fi ìdá mẹ́wàá kún un fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, a ó pín in fún ẹni 13, kí oníkálukú san tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ sínú ìwé kan tí akápò yóò ṣí fún un nìkan. Bí owó bá ṣẹ́ kù, a ó dá a padà, nítorí orúkọ wa ni alájẹṣẹ́kù.

Nípa ẹrù: àpò kan fún ẹnì kan. Oògùn oníkálukú yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nínú bọ́ọ̀tù. Ẹgbẹ́ yóò gbé sítóòfù, ìkòkò méjì, gàrí, ẹ̀wà, ata gígún, kúlà omi, aṣọ òtútù fún òru Ìkọ́gòsì, ohun èlò ìpaná, àmì onígun mẹ́ta, jáàkì àti iná ìléwọ́. Ọbẹ̀ ìkọ̀kọrẹ̀ kò ní bàjẹ́ bí a bá jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, lẹ́yìn náà, oúnjẹ ọ̀nà ni.

Kí gbogbo èyí tó wáyé, a ó dán ara wa wò. Ní oṣù tí ń bọ̀, a ó lọ, a ó bọ̀ ní ọjọ́ kan sí Òkè-Ẹ̀rì, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí yàrà Erédò àtijọ́ wà, èyí tí ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí àwọn ènìyàn sì ń so mọ́ orúkọ Bílíkísù Súngbọ́. Mọ́tò kan náà, awakọ̀ kan náà, ìkòkò kan náà. Ohun tí a bá gbàgbé níbẹ̀, kò jìnnà sílé.

Ẹ̀yin ará, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún nìyí: kí ẹ gba ìwéwèé yìí wọlé lónìí tàbí kí ẹ tún un ṣe, kí ẹni tí yóò lọ sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Orúkọ kìn-ín-ní ti wà nínú ìwé náà. Ìyá wa olùkọ́ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. A ti fi ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ dè wọ́n.

A lọ're, a ó bọ̀'re o.