Bí Ọwọ́ Bá Tú, Ẹ̀yìn Ló Ń Jìyà Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá, ó sì ní n kò gbọdọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Eré ìdárayá pọ̀ bí eṣú, nítorí náà ẹyọ kan ṣoṣo ni mo mú: gbígbé ọ̀pá irin láti ilẹ̀ títí ènìyàn yóò fi nàró, èyí tí àwọn ọmọ ìsìnyí ń pè ní deadlift. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọjá 50 ọdún. Dókítà ti sọ fún àwọn kan pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń gòkè, àwọn ọmọ ti fa àwọn mìíràn lọ sí jíìmù, irin ti wá di ohun tí à ń gbé. Láàárín ọdún tó kọjá, ẹni mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ yìí ló fóònù mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà: "Ẹ̀yìn ń ro mí látìgbà tí mo ti ń gbé irin yẹn, ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?" Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni pé ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọwọ́ yín.

Ọwọ́ kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ìka bá ń tú, irin á yí wá sí orí ìka. Bó bá ti yí bẹ́ẹ̀, ó ti jìnnà sí ojúgun nìyẹn. Ejìká á tẹ̀lé e lọ síwájú, ẹ̀yìn òkè á tẹ̀ kọrọdọ, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á wá máa ru ẹrù tó yẹ kí itan àti ìdí rù. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 mọ́ àyà, lẹ́yìn náà kí ẹ nà án síwájú. Kílò 25 náà ni, omi kankan kò kún un, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Bí ẹrù bá jìnnà sí ìgbáròkó ní ìlọ́po méjì, ipá tí iṣan ẹ̀yìn máa fi dì í mú náà á di ìlọ́po méjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ń bẹ̀rù pé irin máa bọ́ kì í ní sùúrù. Á fẹ́ já a gbà kíákíá, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ jíìmù nìkan ni agbára ọwọ́. Ní 2015, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí nǹkan bí 140,000 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè 17. Wọ́n wọn bí oníkálùkù ṣe lè fún nǹkan pọ̀ tó. Fún gbogbo kílò 5 tí agbára ọwọ́ fi dín, ewu ikú fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Kì í ṣe pé ọwọ́ ló ń pa ènìyàn o. Bí dígí ni ọwọ́ ṣe rí, ó ń fi bí ara yòókù ṣe wà hàn wá.

Ẹ rántí irin tí a fi símẹ́ǹtì dà sínú agolo mílíìkì lẹ́yìn ilé ìsùn wa? Ọ̀pọ̀ jíìmù àdúgbò ṣì ń lo irú rẹ̀, mi ò sì kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro méjì tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ènìyàn. Àkọ́kọ́, ó sanra jù. Ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń díje nípọn tó mìlímítà 28 fún ọkùnrin, 25 fún obìnrin, wọ́n sì ha ara rẹ̀ kó lè mú ọwọ́. Páìpù omi tí àwa ń lò lè nípọn tó mìlímítà 50, kó tún ń dán nítorí ọ̀dà tí wọ́n kùn ún. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò ní tú? Ìkejì, ó wà nílẹ̀ jù. Àwo irin tòótọ́ ga tó mìlímítà 450 láti etí kan dé ìkejì, nítorí náà ọ̀pá wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 22 àti ààbọ̀ sókè. Agolo símẹ́ǹtì kò tó ìdajì ìyẹn. Ẹni tó ń gbé e gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ gan-an, ibi tó sì lọ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká. Ẹ wá pákó tàbí búlọ́ọ̀kù sábẹ́ agolo náà lọ́tùn-ún lósì, kó ga tó ìdajì ojúgun. Nínú àwọn mẹ́rin tó fóònù mi, pákó yìí nìkan ló tán ìṣòro ẹnì kan.

Ní ti dídì í mú gan-an, àṣìṣe tí mo ń rí jù ni kí ènìyàn ki irin bọ àárín àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ti kúrò nílẹ̀, ìwúwo á fà á wá sí ìdí ìka, á ká awọ ibẹ̀ jọ, òun ló ń jẹ́ kí ọwọ́ bó. Ìdí ìka náà ni kí ẹ ti fi í sí láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ọwọ́ àgbẹ̀ ti máa ń le, kí àtàǹpàkò wá dè é láti òdìkejì. Kó tó kúrò nílẹ̀ sì ni kí ẹ ti fún un pọ̀.

Bí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bá dojú kọ ara yín, ìyẹn ló ń kọ́ ọwọ́ lágbára jù, òun ni kí ẹ sì máa lò títí kò fi ní lè gbé e mọ́. Àwọn kan máa ń yí ọwọ́ kan padà, kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú síwájú. Ó wúlò, torí irin ò ní rí ibi yí sí. Bó ṣe ń sá kúrò lọ́wọ́ kan ló ń bọ́ sínú èkejì. Àmọ́ ara máa ń lọ́ díẹ̀, bí ìgúnpá apá tí a yí padà bá sì tẹ̀, iṣan apá òkè lè já. Ẹ nà án gbọọrọ bí okùn, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ọwọ́ tí ẹ ń yí.

Ẹ̀kẹta ni ti ìwọ̀. Àtàǹpàkò á kọ́kọ́ sùn mọ́ irin, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín á wá gùn ún lórí, wọ́n á tì í pa. Ó ń dun ènìyàn o! Ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ó máa bú mi. Ṣùgbọ́n òun ni àwọn agbéirin Olympic fi ń gbé ohun tí wọ́n ń gbé. Níbi ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022, Adijat Olarinoye gbé àpapọ̀ kílò 203 ní ìsọ̀rí kílò 55, Rafiatu Lawal gbé 206 ní ìsọ̀rí kílò 59, àwọn méjèèjì sì gba góòlù fún Nàìjíríà. Ẹ wo ara tí wọ́n fi ṣe é. Kì í ṣe ọwọ́ ńlá ni.

Ti okùn tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́, mi ò ní kí ẹ má lò ó. Eddie Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé kílò 500 ní Leeds ní 2016, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wé e láti orí irin àkọ́kọ́ títí dé ìgbẹ̀yìn, ọwọ́ yín kò ní kọ́ nǹkankan. Ìgbà tó bá ku ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wé e.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ yín rèé: ẹfun ọwọ́ tí wọ́n ń lò ní jíìmù kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi kọ́ wa ní ìṣirò. Magnesium carbonate ni, òógùn ló ń fà gbẹ. Bí ẹ kò bá rí i rà, aṣọ tó gbẹ tó lè nu ọwọ́ sàn ju kí ẹ lọ bu pọ́ńdà ọmọdé. Pọ́ńdà a máa yọ̀. Àwọn tó ń díje máa ń fi í sí itan kí irin lè yọ̀ gòkè, ẹlòmíràn á rí wọn lókèèrè, á lọ fi sí ọwọ́!

Láti fún ọwọ́ lágbára, ẹ di irin ìgbẹ̀yìn mú lókè fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ẹ tó gbé e kalẹ̀. Ẹ rọ̀ mọ́ igi góòlù tó bá dúró dáadáa. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì méjì tí omi dé ìdajì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹ rìn tó mítà 20. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá ṣì ń gúnyán fúnra rẹ̀ ti ṣe nínú rẹ̀ ná.

Ó wá kan ẹ̀yìn. Ẹ dúró kí ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó ìbàdí, kí irin wà lókè àárín ẹsẹ̀, kó fi ìka méjì jìnnà sí ojúgun. Ẹ ti ìdí sẹ́yìn bí ẹni tí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Ẹ mú irin, ẹ jẹ́ kí ojúgun wá bá a, ẹ gbé àyà sókè. Bí ẹ̀yìn yín ṣe rí bí ẹ bá dúró lásán, bẹ́ẹ̀ ni kó rí lábẹ́ irin. Ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́ṣẹ́" níbi tí ọ̀pá ti kan àwo, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe ara wọn léṣe. Wọ́n á já irin bí ẹni fa okùn jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń fẹ́ jíjá, irin kò fẹ́. Kó máa fara ra ojúgun àti itan bó ṣe ń bọ̀, bẹ́ ẹ bá sì dé òkè, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ má ṣe tẹ̀ sẹ́yìn bí aláboyún. Ìdí ló ń kọ́kọ́ padà sẹ́yìn bí ẹ bá ń gbé e kalẹ̀, orúnkún tẹ̀lé e.

Àwọn olùkọ́ jíìmù máa ń ní kí ènìyàn mí kanlẹ̀ sínú ikùn, kó sé e mọ́. Òótọ́ ni, ó ń gbé ẹ̀yìn ró. Ṣùgbọ́n sísé èémí máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru fún ìgbà díẹ̀. Eddie Hall tí mo dárúkọ yẹn, ẹ̀jẹ̀ dà nímú rẹ̀, ó sì dákú lẹ́yìn tó gbé irin náà tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ná, ẹ gbé èyí tó fúyẹ́, kí ẹ sì máa mí jáde bí ẹ bá ń gòkè. Bẹ́líìtì ńkọ́? Ikùn ló ń rí nǹkan tì mọ́. Kì í ṣe oògùn ẹ̀yìn ríro rárá.

Àti ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní aago 5 àárọ̀ lọ síbi irin: àwọn ìrọ̀rí kéékèèké tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn máa ń fa omi mu lóru, wọ́n á wú. Ẹ rìn káàkiri fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ẹ tó tẹ̀ gbé ohun tó wúwo.

Bí ẹran ara bá ń roni fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn irin, kò séwu. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló fà, ẹ má lọ dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Rírìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló dáa jù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ bí ìrora bá ń sọ̀kalẹ̀ kọjá orúnkún, tàbí tí ẹsẹ̀ bá kú tipiri, ẹ fi irin sílẹ̀ kí ẹ lọ rí dókítà. Bí abẹ́ bá kú, tí ènìyàn kò mọ ìgbà tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni o. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá tẹ ẹ̀yìn yín mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ fóònù, àti ẹni yòówù tó bá fẹ́, mo gbé ọ̀pá irin kílò 20 kan wá pẹ̀lú pákó rẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Lọ́la ní aago 8 àárọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ẹ mú aṣọ ìnuwọ́ dání.