Bátìrì Ọkọ̀ Ojú Omi: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa bátìrì inú ọkọ̀ ojú omi kékeré ni.

Ẹni tí ó bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá láti ìhà Yábàá lọ sí Erékùṣù Èkó yóò ti rí àwọn ọkọ̀ kéékèèké lórí ọ̀sà nísàlẹ̀. Òmíràn ń kó ẹja, òmíràn ń kó èrò, òmíràn ń kó ẹrù. Láti Mákòókó títí dé etí omi Èbúté-Mẹ́ta, àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ ti fi iṣẹ́ omi yìí jẹun láti ìgbà pípẹ́. Àjẹ̀ àti ọ̀pá ni a fi ń wa ọkọ̀ láyé àtijọ́, àwọn kan sì ń lò wọ́n títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn báyìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kéré, okùn ni a ń fà kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí ó bá tóbi, kọ́kọ́rọ́ ni a ń yí, bátìrì ni ó sì ń jí i. Bátìrì yìí kan náà ni ó ń tan iná ọkọ̀ lálẹ́: pupa ní apá òsì, àwọ̀ ewé ní apá ọ̀tún, àti funfun. Òun náà ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń fa omi jáde nínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò ná. Bí bátìrì mọ́tò bá kú ní Ojúẹlẹ́gba, awakọ̀ yóò bẹ ènìyàn mẹ́ta kí wọ́n bá òun tì í. Ta ni yóò ti ọkọ̀ láàrin ọ̀sà? Omi yóò máa gbé e lọ síbi tí ó bá wù ú. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú tí iná kò sí, ọkọ̀ ńlá tí ń sáré bọ̀ kò ní rí i títí yóò fi kàn án. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ bátìrì rí. Èbúté ni a ti ń tọ́jú rẹ̀. Bí a bá dé àárín omi, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́.

Kí ni ó wà nínú bátìrì? Òjé ni, àti omi tí a pò mọ́ ásíìdì. Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Gaston Planté, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì olójèé tí a lè ṣájì lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọdún 1859. A ti tún un ṣe púpọ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú àpótí bátìrì. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní agbára iná tí ó ju fóltì 2 lọ díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ sọ 2 di ọ̀nà mẹ́fà, ẹ ó rí ìdí tí a fi ń pè é ní bátìrì fóltì 12.

Nígbà tí a bá ń lo iná inú rẹ̀, ásíìdì ń wọ ara òjé, ohun funfun kan sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí a bá ṣájì rẹ̀, ohun funfun náà yóò tú, ásíìdì yóò sì padà sínú omi. Ó dà bí ìkòkò tí a fi ro ọkà. Bí a bá tètè fọ̀ ọ́, yóò mọ́ kíákíá. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí ó fi gbẹ, a ó ha á títí, kò ní mọ́ tán. Bátìrì tí a lò gbẹ tí a sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìṣájì, bẹ́ẹ̀ ni ti rẹ̀ rí. Ohun funfun yẹn yóò le mọ́ òjé, ṣájì kò sì ní lè tú u mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀pọ̀ bátìrì ni kò kú ikú ọjọ́ ogbó. Àìtọ́jú ni ó pa wọ́n.

Ọ̀tá mẹ́rin ni bátìrì ọkọ̀ ojú omi ní. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: ebi, òǹgbẹ, iyọ̀, àti ìgbọ̀nrìrì.

Ebi ni àìtó ṣájì. Bí o bá ti ti orí omi dé, ṣájì bátìrì rẹ kún. Bí ọkọ̀ yóò bá dúró láìṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́, tú wáyà kúrò lórí bátìrì, gbé e sí ibi tí kò gbóná, kí o sì máa ṣájì rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí iná inú bátìrì ń dínkù díẹ̀díẹ̀ bí a kò tilẹ̀ lò ó. Ra mítà kékeré tí a fi ń wọn iná. Lẹ́yìn tí bátìrì bá ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, wọ̀n ọ́n. Bí mítà bá fi fóltì 12.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ó kún. Bí ó bá jẹ́ 12.2, ó ti tó ìdajì. Bí kò bá tó 12, kò sí nǹkan púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Má gbé e lọ sórí omi.

Òǹgbẹ ni ọ̀tá kejì. Omi inú bátìrì ń gbẹ, pàápàá nínú ooru ilẹ̀ wa. Bí bátìrì rẹ bá ní ìdérí tí a lè ṣí, máa wò ó lóṣooṣù. Omi gbọ́dọ̀ bo òjé inú yàrá kọ̀ọ̀kan. Omi wo ni a ń bù sí i? Kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe omi ọ̀sà rárá. Nígbà tí ìkòkò bá ń hó, ẹ ti rí omi tí ń kán láti ara ìdérí rẹ̀. Ooru ni ó tutù tí ó sì padà di omi, iyọ̀ àti ìdọ̀tí kò sì bá a gòkè. Bí a ṣe ń rí omi bátìrì nìyẹn. A ń tà á nínú ike ní ibi tí a ti ń ta bátìrì. Má ṣe fi ásíìdì kún un. Omi nìkan ni ó gbẹ, ásíìdì kò lọ síbì kankan. Bí bátìrì rẹ bá jẹ́ irú èyí tí a dí pa, má ṣe fi ipá ṣí i.

Ọ̀tá kẹta ni iyọ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi odò bá dínkù, iyọ̀ òkun ń pọ̀ sí i nínú ọ̀sà wa. Iyọ̀ yìí ń jẹ irin. Bí o bá rí ohun funfun tàbí ohun aláwọ̀ ewé tí ó hù sí orí bátìrì níbi tí a ti de wáyà mọ́ ọn, iná kò ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa. Po sódà tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi díẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ̀ ọ́, má jẹ́ kí ó kán sínú yàrá bátìrì. Fi omi mímọ́ ṣàn án, nù ún gbẹ, de wáyà rẹ̀ le, kí o sì fi gírísì díẹ̀ pa á lórí. Bí omi ọ̀sà bá sì wọ inú bátìrì, sá fún un: iyọ̀ àti ásíìdì lè di èéfín olóró tí ń dí ènìyàn lémìí.

Ọ̀tá kẹrin ni ìgbọ̀nrìrì. Ìgbì ń gbá ọkọ̀ sókè sódò. Bátìrì tí a kò dè, òjé inú rẹ̀ yóò máa já, òun fúnra rẹ̀ sì lè dojúdé. Gbé e sínú àpótí onírọ́bà tàbí oníke, fi okùn tí ó nípọn dè é mọ́lẹ̀, kí o sì bo orí rẹ̀ kí irin kankan má baà já lé e.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Bátìrì tí a ń ṣájì ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí ó lè gbiná. Má ṣe mu sìgá nítòsí rẹ̀, má ṣe gbé àtùpà sún mọ́ ọn, má sì ṣájì rẹ̀ nínú yàrá tí a ti pa fèrèsé rẹ̀ dé. Bí ásíìdì bá ta sí ojú tàbí ara ẹnikẹ́ni, kí ó fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú ogún, kí ó sì lọ sí ọsibítù.

Nígbà wo ni ó yẹ kí a pààrọ̀ bátìrì? Bí ó bá kún lójú mítà, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì ń kérora nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Bí a bá ṣájì rẹ̀ lálẹ́ tí ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Bí ikùn rẹ̀ bá wú tàbí tí ó ń jò: ìgbà rẹ̀ ti pé. Má dúró dìgbà tí yóò kú.

Bí o bá lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Múṣin tàbí ibòmíràn tí a ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, mọ ohun tí o fẹ́ rà. Bátìrì kan wà fún jíjí ẹ́ńjìnnì: ó ń fúnni ní agbára púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a máa lo òun gbẹ. Òmíràn wà fún iná àti ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ pẹ́, òjé inú rẹ̀ nípọn jù. Ẹni tí ó bá fi ti àkọ́kọ́ tan iná mọ́jú lójoojúmọ́ yóò pa á láìpẹ́. Wo ìwé ẹ́ńjìnnì rẹ kí o tó ra bátìrì, wo ọjọ́ tí a ṣe é, kí o sì ní kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n lójú rẹ.

Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, so ọkọ̀ mọ́ èbúté dáadáa. Pa ohun gbogbo, bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ rẹ. Orí méjì ni bátìrì ní: ọ̀kan ní àmì ìròpọ̀, èkejì ní àmì ìyọkúrò, bí ẹ̀yin ọmọ iléèwé ti mọ̀ wọ́n nínú ìṣirò. Ti ìyọkúrò ni kí o kọ́kọ́ tú, kí o tó tú ti ìròpọ̀. Bí o bá ń gbé tuntun wọlé, ti ìròpọ̀ ni yóò ṣáájú, ti ìyọkúrò ni yóò kẹ́yìn. Bí o bá ṣe é báyìí, bí sípánà rẹ tilẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, iná kò ní ta. Bátìrì wúwo, kí ẹni méjì gbé e, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ọkọ̀ má baà fì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì wúwo jù. Kí ni a ó ṣe sí bátìrì tí ó ti kú? Wọ́n ní àkìtàn kì í kọ ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n bátìrì kì í ṣe ohun àkìtàn. Òjé inú rẹ̀ májèlé ni. Ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní Thiaroye-sur-Mer, ìlú etí òkun kan lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn ènìyàn ń tú bátìrì àlòkù, òjé sì kún inú ilẹ̀ wọn. Àwọn kan wá ń wa ilẹ̀ náà, wọ́n ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́ nílé láti rí òjé tà. Láàrin oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé méjìdínlógún ni ó kú níbẹ̀. Nílé wa níhìn-ín, ní Ògìjo lẹ́bàá Ìkòròdú, ìròyìn jáde ní 2025 pé òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń gbé nítòsí àwọn iléeṣẹ́ tí ń yọ́ bátìrì àlòkù.

Nítorí náà, má ṣe sọ bátìrì sínú ọ̀sà tí a ti ń pẹja. Má ṣe là á, má ṣe fi iná sun ún, má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Gbé e padà lódidi fún ẹni tí o ra tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á, wọ́n sì ń yọ owó díẹ̀ kúrò nínú iye tuntun. Bí ẹni tí yóò rà á bá fẹ́ da omi rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè fúyẹ́, má gbà fún un.

Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí: bí bátìrì yín tilẹ̀ jẹ́ tuntun, ẹ má ṣe fi àjẹ̀ àti igbá tí a fi ń gbọ́n omi sílẹ̀ nílé, kí olúkúlùkù nínú ọkọ̀ sì wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, bí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní ọkọ̀, ẹ ka ọ̀tá mẹ́rin yẹn fún wọn lálẹ́ òní. Olúwa yóò máa mú àwọn ará wa tí ń ṣiṣẹ́ lórí omi bọ̀ wálé láyọ̀. Ó dìgbà kan ná o.