Àgbàdo Tó Kú Lóko Wa: Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará Òtu sọ

A kò wá wàásù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni a bá wá, ẹ̀bi tiwa ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún kan, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, inú wa sì dùn. Ìyá àwọn ọmọ ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí òjò kejì àti ìkẹta rọ̀ ná." A dá a lóhùn pé obìnrin kì í kọ́ àgbẹ̀ ní oko. A gbin gbogbo irúgbìn àgbàdo tó wà lórí àjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, òjò kò rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní ilẹ̀ ọ̀dàn yìí mọ bí oòrùn wa ti rí. Àgbàdo hù, ó rọ, ó kú. Dípò kí a gbà pé a kánjú, a ní irúgbìn tí aya wa tọ́jú ni kò dára. A bá a wí lójú àwọn ọmọ. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé a mọ̀ nínú ọkàn wa pé irọ́ ni a ń pa.

Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀ nínú oṣù Èbìbí, kò sí irúgbìn nílé mọ́. Nígbà náà ni a pe aya wa àti àwọn ọmọ jọ, a ní, "Àwa ni a ṣẹ̀. Irúgbìn dára, oríkunkun wa ni kò dára." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ tọrọ irúgbìn lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Oko tí a tún gbìn yẹn ni a jẹ lọ́dún náà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mẹ̀kúnnù nìkan ni í kùnà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ra irè oko, ó sì ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò, kí ó tó di agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn tí owó kòkó já wálẹ̀ ní nǹkan bí 1938, òwò náà dẹnu kọlẹ̀, ó sì jẹ gbèsè. Kò fi í pamọ́; ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ tó jáde ní 1960. Ó tún ìwé kíkà mú, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Aya rẹ̀, Olóyè H.I.D. Awólọ́wọ̀, ni ó dúró ti àwọn ọmọ nílé, tó ń ṣòwò. Ọkùnrin tí kò bá lè sọ nílé rẹ̀ pé òun ti kùnà, ta ni yóò bá a gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀?

Ìjọba pàápàá ń ṣàṣìṣe. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955. Nígbà tí àwọn ọmọ tó jáde níwèé ń pọ̀ sí i tí iṣẹ́ kò sì tó, ìjọba dá oko àgbékalẹ̀ sílẹ̀ láti 1959, ní àwòkọ́ ti Ísírẹ́lì. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n owó púpọ̀ ni a ná lórí ènìyàn díẹ̀. Kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà ń pẹ́ kí wọ́n tó mú owó wá. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ sì fi oko sílẹ̀ kí èrè tó dé. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ní tiwa, a rò pé ìṣirò àwọn àgbà ni kò pé, tí a sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé àwọn ọmọ lórí, gẹ́gẹ́ bí a ti gbé ẹ̀bi oòrùn lé aya wa lórí.

Bí baba kan bá wà láàárín yín tó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé ní ọdún tí iṣu kò ta, kí ó pè é lálẹ́ òní. Kí ó má ṣe sọ pé ayé ló le. Kí ó sọ pé òun ṣìṣe, kí wọ́n sì jọ wá ilé-ìwé tí yóò gbà á padà.

Ọdún tó tẹ̀ lé ti àgbàdo yẹn, òjò tún tètè rọ̀. A gbé ọkọ́, a dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá àwọn ọmọ kò sọ ohunkóhun. Ó kàn gbójú sókè wo àjà. A dá ọkọ́ padà sí ibi tí a ti mú un.