Bí A Ti Jáwọ́ Nínú Sìgá Mímu



Ogún ọdún gbáko ni a fi mu sìgá. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a máa di ọṣẹ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni a máa ń rán lọ rà á. Ní ọjọ́ kan, a ká ọ̀kan nínú wọn mọ́ ẹ̀yìn ilé-ìwé, ó ń fa àjókù tiwa. A gbé pàṣán sókè, ṣùgbọ́n a kò lè nà án: àwa gan-an ni olùkọ́ rẹ̀. A bá a dá májẹ̀mú pé àwa méjèèjì yóò jáwọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ le bí ojú ẹja. A ń jẹ orógbó, ìyàwó wa ń tọ́jú owó. Níbi òkú àgbà kan ní Ọ̀yẹ́, a tún ṣubú. A sì tún dìde.

Láti 1950 ni àwọn olùwádìí Doll àti Hill ti tọ́ka sí sìgá nínú ọ̀ràn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jáwọ́ fún ọdún kan, ewu àrùn ọkàn rẹ̀ a dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tí ń mu ún. Àwọn oníṣègùn wà ní ilé-ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ.

Òfin 2015 ka títa sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe rán ọmọ ní sìgá mọ́. Ohun tí àgbà bá ṣe ni ọmọdé ń wò.