Orílẹ̀-èdè Màléṣíà àti Ẹ̀kọ́ Ara Ọ̀pẹ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí orílẹ̀-èdè kan tí a lè fi kọ́gbọ́n, Màléṣíà ni a yàn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìtàn kan wà tí tọmọdé tàgbà wa ń pa: pé àwọn ará Màléṣíà wá sí Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira, wọ́n tọrọ ẹyìn lọ́wọ́ wa, wọ́n lọ gbìn ín, wọ́n sì di ọlọ́rọ̀. A jẹ́wọ́ pé àwa náà ti fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a wá jókòó ti ìwé, a rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ ní àṣìṣe ti jẹ gbèsè. Díẹ̀ nínú gbèsè náà ni a wá san lónìí.

Ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà ni Màléṣíà wà. Ilẹ̀ rẹ̀ pín sí méjì, òkun sì wà láàárín wọn: apá kan so mọ́ ilẹ̀ Táíláǹdì, èkejì, tí í ṣe Sabah àti Sarawak, wà ní erékùṣù Borneo. Gbogbo rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà lọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 34. Oòrùn ń mú níbẹ̀, òjò sì ń rọ̀ púpọ̀. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn náà wà rí. Malaya gba òmìnira ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1957, ọdún mẹ́ta ṣáájú wa. Ní 1963, Sabah, Sarawak àti Síngápọ̀ dara pọ̀ mọ́ Malaya, a sì sọ gbogbo wọn ní Màléṣíà. Ṣùgbọ́n Síngápọ̀ pínyà kúrò lára wọn ní 1965.

Ètò ọba wọn yóò dùn mọ́ àwa tí a mọ ohun tí í jẹ́ ìdílé ọlọ́ba. Nínú ìpínlẹ̀ 13 tí ó wà níbẹ̀, 9 ni ó ní ọba tirẹ̀. Àwọn ọba 9 yìí a máa pàdé, wọn a sì fi ìbò ìkọ̀kọ̀ yan ọ̀kan nínú ara wọn láti jẹ ọba gbogbo orílẹ̀-èdè fún ọdún 5 péré. Bí ọdún 5 bá pé, oníkálukú a padà sí ìpínlẹ̀ rẹ̀, ipò náà a sì kan ẹlòmíràn. Sultan Ibrahim ti Johor ni ó gorí ìtẹ́ náà ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2024. Bí oyè ti í yí láti ìdílé kan sí èkejì ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ń yí. Ṣùgbọ́n tiwọn kì í dúró de ikú.

Ọba kọ́ ni ó ń fúnra rẹ̀ ṣe ìjọba. Àwọn ará ìlú a máa dìbò yan aṣòfin 222. Ẹni tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn bá tì lẹ́yìn ní í jẹ́ Alákòóso Àgbà. Tunku Abdul Rahman ni ẹni àkọ́kọ́. Àgbájọ àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni ó di ìjọba mú láti 1957, títí ìbò ọdún 2018 fi gbé wọn kúrò.

Àwọn ènìyàn wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan. Nínú 100 ọmọ orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bí 70 jẹ́ Malay àti àwọn ọmọ onílẹ̀ yòókù, nǹkan bí 23 jẹ́ ìran Ṣáínà, nǹkan bí 7 sì jẹ́ ìran Íńdíà. Ìsìn Mùsùlùmí ni òfin fi ṣe ẹ̀sìn orílẹ̀-èdè, ó sì gba àwọn yòókù láàyè láti sìn ní tiwọn. Nígbà òmìnira, àwọn Malay ni àgbẹ̀ àti apẹja, òwò sì wà lọ́wọ́ àwọn àlejò àti ìran Ṣáínà. Ìkùnsínú pọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1969, lẹ́yìn ìbò, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kuala Lumpur, olú-ìlú wọn; ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, a sì ti Ilé Aṣòfin pa títí di 1971. Ní ọdún 1971 náà ni ìjọba gbé ètò tuntun kalẹ̀: láti gba tálákà gbogbo ẹ̀yà lọ́wọ́ òṣì, àti láti rí i pé a kò fi ẹ̀yà ẹni mọ iṣẹ́ ẹni mọ́. Ní 1970, nínú 100 ìdílé ní apá ilẹ̀ Malaya, 49 ni òtòṣì. Nígbà tí yóò fi di 1990, wọn kò tó 20 mọ́.

Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ọ̀pẹ.

Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Áfíríkà níhà tiwa ni ọ̀pẹ ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1848, kí a tó bí bàbá àwọn bàbá wa, àwọn Òyìnbó Hóláńdì ti gbin ọ̀pẹ mẹ́rin sí ọgbà Bogor ní Indonéṣíà. Láti ara àwọn ìran ọ̀pẹ wọ̀nyẹn ni ti Malaya ti wá, ní 1917 ni a sì dá oko ọ̀pẹ àkọ́kọ́ fún òwò ní Selangor. Nítorí náà, nígbà tí a gba òmìnira, wọ́n ti ní ọ̀pẹ ná. Síbẹ̀, àwa ni a ń ta epo pupa sí òkè òkun jù lọ ní àgbáyé nígbà náà. Rọ́bà àti tíìnì, irú èyí tí a ń wà ní Jos, ni àwọn fi ń jẹun.

Nígbà tí rọ́bà àtọwọ́dá Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í bá tiwọn du ọjà, wọn kò jókòó sunkún. Ní 1956 ni wọ́n ti dá àjọ FELDA sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò nílẹ̀ ni àjọ yìí ń fún ní ilé àti nǹkan bí éékà 10 oko, rọ́bà lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pẹ lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àgbẹ̀ ń san gbèsè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú ìkórè. Wọ́n la ọ̀nà, wọ́n kọ́ ilé-ìwé, wọ́n sì gbé ilé-ẹ̀rọ ìfúnpo sítòsí oko, nítorí pé ẹyìn tí ó bá pẹ́ nílẹ̀ kí a tó fún un, epo rẹ̀ yóò kan. Ìdílé tí ó ju 100,000 ni a fi ìdí wọn múlẹ̀ báyìí.

Ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Ọ̀pẹ wọn kì í so dáadáa àfi bí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ lọ sórí òdòdó abo, nítorí pé kòkòrò tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní Áfíríkà kò bá ọ̀pẹ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n wádìí rẹ̀ dé Kamẹrúùn, wọ́n sì kó kòkòrò náà wọ̀lú ní 1981. Láti ìwáṣẹ̀ ni kòkòrò yìí ti ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ọ̀pẹ tiwa. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ ọ́n? Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwádìí ọ̀pẹ ti wà lẹ́bàá ìlú Bìní láti 1939. Ní 1979 ni àwọn tó dá ilé-ìwádìí tí ó wà fún epo ọ̀pẹ nìkan sílẹ̀.

Àwa ńkọ́? Akọpẹ wa ń gbé igbà kọ́ èjìká lọ sídìí ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ìgbìmọ̀ ọjà ìjọba ń san owó tí kò tó iye ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀. Ogun jà, epo rọ̀bì dé, a sì kọ ẹ̀yìn sí oko. Lónìí, Indonéṣíà àti Màléṣíà ni ó ń pèsè ohun tí ó ju 80 lọ nínú 100 epo pupa àgbáyé. Àwa sì ń ra ti òkè òkun kún tiwa. Àwọn kò sì dúró lórí ọ̀pẹ nìkan. Láti 1972 ni wọ́n ti pe àwọn ilé-iṣẹ́ àgbáyé wá sí Penang. Ohun èlò iná mànàmáná àti àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà ni ó wá léwájú nínú ọjà tí wọ́n ń tà.

A kò wí pé Màléṣíà jẹ́ ọ̀run rere. Igbó ńlá ni wọ́n pa run nítorí ọ̀pẹ, àwọn ọmọ onílẹ̀ inú igbó sì ń ráhùn. Àwọn àlejò tálákà ni ó ń ṣe iṣẹ́ oko wọn, a kò sì tọ́jú gbogbo wọn dáadáa. Àwọn ìran Ṣáínà àti Íńdíà ń sọ pé ètò ọdún 1971 fi àwọn sẹ́yìn. Ìwà ìbàjẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Najib Razak, tí ó ti jẹ́ Alákòóso Àgbà, wọ ẹ̀wọ̀n ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 nítorí owó ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ilé-ẹjọ́ wọn ni ó rán an lọ.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìtàn pé a fún wọn ní ẹyìn dùn mọ́ wa nítorí pé ó sọ wá di olóore tí a dà. Kò sí ẹni tí ó dà wá. Kì í ṣe irúgbìn ni wọ́n fi jù wá lọ. Ìtọ́jú ni, àti sùúrù, àti ìwé àkọsílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni a ní. Kí ẹgbẹ́ fún ilé-ìwé wa ní éékà kan ṣoṣo nínú ilẹ̀ ìlú tí ó wà lásán. Kí a ra irúgbìn ọ̀pẹ àṣàyàn láti ilé-ìwádìí Bìní. Àwọn ọmọ yóò gbìn ín, wọn yóò máa ka ìdì ẹyìn, wọn yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. A ó sì ka ìṣirò rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ yín ní àpéjọ yìí lọ́dọọdún, ìbáà dùn, ìbáà korò.